Ìwé Tó Wà Lára Ògiri Nìkan Kò Tó



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tọ̀ mí wá ní Ìwó níbí. Nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́ ọmọ. Kó tó gba ọmú lẹ́nu èyí, òmíràn ti dé. Ọdún 5 kọjá. Nígbà tí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé-kéú àti ilé-ìwé, ó já ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó mú un lọ sí ọsibítù kan. Wọ́n ní: "Àǹtí, ìwé àṣẹ yín ńkọ́?" Ó ti kú tipẹ́.

"Màmá," ó ń sunkún, "ṣé asán ni gbogbo ẹ̀kọ́ mi?"

Rárá, ọmọ mi. Ìwé méjì ni nọ́ọ̀sì ní. Ìwé-ẹ̀rí pé ó yege kì í kú. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń fúnni, ọdún 3 péré ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kún tí ìgbìmọ̀ náà là sílẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò o. Òfin iṣẹ́ fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Al-Kùránì, Súrà Baqarah, ẹsẹ 233, dárúkọ ọdún 2 gbáko fún ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú pé. Bí ọmọ méjì bá tẹ̀ léra, ìwé ti kú.

Ẹ má ṣe ka ẹ̀kọ́ náà sí ìyà. Ní 2005, Nàìjíríà pa chloroquine tì, ó fi oògùn alápapọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún ibà. Bí nọ́ọ̀sì bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2003, tó padà ní 2006 láì kẹ́kọ̀ọ́ kún un, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Aláìsàn ni.

Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé yín yóò kú síbi tí ẹ ó ti máa rí i. Ẹ sọ ọ́ dọ̀tun, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn san owó rẹ̀, kí ẹ sì mójú tó ọmọ lọ́jọ́ ẹ̀kọ́. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń wá nọ́ọ̀sì obìnrin kiri nígbà tí aya yín bá ń rọbí?

Obìnrin yẹn ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.