Ìlà Dúdú Lára Ọkọ̀ Funfun

Ní ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, mo jẹ́rìí èké mọ́ ọmọkùnrin kan. N kò búra nílé ẹjọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fún mi lówó. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Òdòde-Ìdànrè, mò ń jẹ dòdò, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, bi mí pé, "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, wo ara ọkọ̀ yìí dáadáa. Kí lo rí?" Mo wò ó fìrí, mo ní, "Bàbá, ọmọ yẹn ni. Kì í ṣan fóòmù rẹ̀ kó tó fi kan mọ́tò yín." Gbólóhùn yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Funfun ni ọkọ̀ náà, elérò méje, ó ti pẹ́ díẹ̀, ó sì ní irin méjì lórí tí wọ́n ń so ẹrù mọ́. Òun ni Bàbá ń gbé lọ sí oko kòkó. Ọmọ tí mò ń wí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ló ti ń fọ mọ́tò, owó ìdánwò àṣejáde girama ló sì ń kó jọ. Gbogbo Sátidé ló ń fọ ọkọ̀ Bàbá. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlà èérí á ti yọ lára rẹ̀, òmíràn dúdú, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wá sí ara ilẹ̀kùn bí omijé tó gbẹ sójú ọmọdé. Bàbá ti ń fura tẹ́lẹ̀ pé omi tó ti fi fọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ń lò. Ọ̀rọ̀ tèmi ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn wọn. Wọ́n di owó ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ilé mẹ́ta mìíràn ti gbọ́, àwọn náà kò sì gbé mọ́tò fún un mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà wá dúró lẹ́nu géètì, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Omi ẹ̀rọ ni mò ń lò." N kò mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́. N kò sì sọ fún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka wa, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ṣáájú wa jáde, ẹ ó rántí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní ọdún àkọ́kọ́: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kò yí padà, fáwẹ̀lì kò yí padà, ohùn nìkan ló yí, ìtumọ̀ sì yí. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn ló fa ìyàtọ̀. Bí nǹkan méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti kọ èyí sínú ìwé ìdánwò, mo gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ gidi dúró níwájú mi, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa omi kànga, mo mú fóòmù tuntun àti aṣọ tuntun, mo fọ ọkọ̀ náà fúnra mi, mo sì nù ún gbẹ. Ọwọ́ ọmọ náà kò sí níbẹ̀, omi rẹ̀ kò sí níbẹ̀, fóòmù rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìlà ti padà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹjọ́ parí sí, nítorí mo ti yọ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kúrò, ohun tí a torí rẹ̀ fẹ̀sùn kàn án sì wà síbẹ̀. Àmọ́ mo mọ Bàbá. Bí mo bá lọ sọ pé "kì í ṣe òun," wọn á ní "ta wá ni?" N kò ní èsì kankan.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan lọ sókè. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Tiwa dorí kodò: ìsàlẹ̀, níbi tí èérí parí sí, ni gbogbo wa ń wò. Kò sí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn gbalasa. Igun rọ́bà fèrèsé, ẹsẹ̀ irin ẹrù, abẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́, abẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ ibi tí omi lè sá pamọ́ sí. Èèyàn á nu mọ́tò gbẹ, omi á ṣì kù nínú àwọn kọ̀rọ̀ yẹn, á máa kán jáde díẹ̀díẹ̀, á sì kó ohunkóhun tó bá bá lọ́nà dání. Iṣẹ́ kan náà ni ìrì òru ń ṣe. Àsìkò ọyẹ́ sì ni. Erùku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, kúnná bí àtíkè. Ó ń bà lé òrùlé ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ìrì díẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á wá ọ̀nà wálẹ̀, omi á gbẹ, èérí á dúró.

Ìyẹn ni ti ìlà pupa. Fún ti dúdú, mo fi aṣọ funfun nu rọ́bà fèrèsé lẹ́ẹ̀kan péré, aṣọ náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n máa ń po lẹ́búlẹ́bú dúdú kan bí èédú mọ́ rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kó lè lágbára, kí oòrùn má sì tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, oòrùn á borí rẹ̀, ojú rọ́bà á máa ṣí, dúdú náà á sì máa bá omi lọ. Nǹkan mìíràn tún wà lára aṣọ náà tó ń yọ̀ mí lọ́wọ́. Mo bi ìyàwó Bàbá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òróró inú ike tí wọ́n ń tà fún dídán táyà ni. Bàbá fúnra wọn ló máa ń fi pa gbogbo rọ́bà ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí ọmọ bá fọ̀ ọ́ tán, kó lè dán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Irú òróró bẹ́ẹ̀ sì rèé, erùku ni í fà mọ́ra, tí omi bá sì kàn án, á ṣàn.

Ibí yìí ni ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ ti wúlò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ gbogbo rọ́bà apá ọ̀tún títí aṣọ funfun kò fi dúdú púpọ̀ mọ́. Mo fi apá òsì sílẹ̀ pẹ̀lú òróró Bàbá. Omi kan náà ni mo fi fọ ìyókù ara méjèèjì, ojú kan náà ni ọkọ̀ dúró sí, ìrì kan náà ló sẹ̀ sí i. Lẹ́yìn àárọ̀ mẹ́rin, apá òsì ti ní ìlà dúdú kedere. Apá ọ̀tún ní ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nìkan. Ìyẹn kò lọ, àfìgbà tí mo gun àpótí, tí mo sì rí i pé erùku àárín òrùlé ti di ìpele. Ọwọ́ èmi náà kò dé ibẹ̀ nígbà tí mo fọ̀ ọ́, kí n má purọ́, ọwọ́ ọmọ náà kò sì dé ibẹ̀ rí. Omi ló kàn máa ń dà sí i. Ẹ̀bi tirẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Láti ẹ̀yìnkùlé wa, òkè kò jìnnà sí ojú. Ẹni tó bá ti wá sí Ìdànrè á ti rí àwọn ìlà dúdú tó ń ti orí àpáta wálẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da aró sí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi ìyá ìyá mi pé ta ló da aró sórí òkè. Wọ́n ní kò sí ẹni tó dà á, ojú ọ̀nà òjò ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria ló ń hù níbi tí omi ti ń ṣàn lára irú àpáta bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń mú un dúdú. Láti ọdún 2007 ni òkè wa ti wà lára àwọn tí orílẹ̀-èdè wa fà kalẹ̀ fún UNESCO, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá ka àtẹ̀gùn rẹ̀, wọ́n ń wo ààfin àtijọ́. Èmi tí wọ́n bí sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti dá lóhùn, tún lọ bi "ta" nípa mọ́tò.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bàbá bi mí ní "kí," mo fi "ta" dáhùn. Bó bá jẹ́ pé inú kíláàsì síńtáàsì ni, à bá fi ìràwọ̀ síwájú ìdáhùn mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí èyí gbé Sapir àti Whorf wá bá mi pé èdè Yorùbá ló mú wa ronú bẹ́ẹ̀. Èdè wa ní "kí," ó ní "ta," ó ní "níbo" àti "báwo." Àwa tí à ń sọ ọ́ la yan èyí tó rọrùn. "Ta" rọrùn nítorí pé ó ń fún wa ní ẹni tí a lè bínú sí lójú ẹsẹ̀. Omi kò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ta ló tì í? Èsì ìdánwò kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló yọ ọ́? Ọmọ ń ṣàìsàn nílé, a ti mọ ìyá arúgbó tó ń ṣe é kí a tó mọ àìsàn tó ń ṣe é.

Bàbá kan náà yìí, tó bá kan kòkó, "kí" ni wọ́n máa ń bi. Bí èso bá ń dúdú lórí igi, n kò rí i kí wọ́n mú lébìrà rí. Wọ́n á wo bí òjò ṣe pọ̀ tó, wọ́n á wo bóyá òjìji pọ̀ jù, wọ́n á ní kí wọ́n já àwọn èso tó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sì fín oògùn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó ń fa àrùn náà ni Phytophthora. Bàbá kò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òjò ni í fẹ́. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò kò rí irú sùúrù tí igi kòkó ń rí.

Ẹnìkan lè sọ pé nígbà mìíràn, èèyàn náà ló fà á lóòótọ́. Mo gbà. Nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí pàápàá, ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀: ọwọ́ Bàbá nínú òróró, ọwọ́ èmi àti ọmọ náà tí kò dé òrùlé. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí "ta" lè fi hàn mí nínú rẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí, tó kéré jù, tí kò sì lè dá wa lóhùn, ni "ta" máa ń mú.

N kò lè sọ fún Bàbá pé "ẹ̀yin ni." Mo ní, "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan," mo fi apá méjèèjì hàn wọ́n, mo sì fi aṣọ funfun lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n nu rọ́bà apá òsì. Wọ́n wo aṣọ náà pẹ́. Wọ́n ní, "Hùn-ún." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ náà wá gba owó rẹ̀, wọ́n sì fi díẹ̀ lé e. Rọ́bà ọkọ̀ kò tíì yí padà. Wọ́n ní ó di ìgbà tí owó kòkó bá wọlé.

Èmi lọ bá ọmọ náà létí ẹ̀rọ omi kí n tó padà sílé ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ méjì nínú mẹ́ta tó lọ ti padà wá, tí Bàbá kò sí níbẹ̀. Mo gbé àpótí kan lọ fún un, kó lè máa dé àárín òrùlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ pé mi ò ń ṣan fóòmù, àbí?" Mo ní èmi ni, kó má bínú. Ó ní kò burú. Ó gba àpótí náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì padà sídìí mọ́tò tó ń fọ̀.