Gbèsè ọrùn òṣìṣẹ́: Ìdí tí ìjọba fi ń wo àpò ẹni tó fẹ́ fi àṣírí lé lọ́wọ́

Nígbà tí iṣẹ́ ọlọ́pàá, sójà tàbí sífú díféńsì bá jáde, àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀dá-Oníyọ̀ àti àwọn ìlú tó kù ní Ìlejeméje kì í fi falẹ̀ rárá. Ìwé ẹ̀rí iléèwé, ìwé ìlú ẹni, ìwé oníduró, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà bi ara wọn: èló ni gbèsè tó wà lọ́rùn àwọn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Nínú ìwé Òfin Iṣẹ́ Ọba tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2008, gbèsè tó wọni lọ́rùn wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Inú àkójọ kan náà ni rìbá àti títú àṣírí ìjọba wà. Ìwé náà sọ ibi tí gbèsè ti ń di ẹ̀ṣẹ̀: bí gbèsè tí kò ní ìdógò bá ti ju owó oṣù mẹ́ta lọ, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá ti ní kí òṣìṣẹ́ san gbèsè tí kò sì tíì san án. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024, ààlà tirẹ̀ ò ju 210,000 náírà lọ. Owó iléèwé ọmọ méjì àti àìsàn kan péré lè gbé e kọjá ibẹ̀.

Kí ló kan ìjọba pẹ̀lú gbèsè ẹni? Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí olówó ń lé kiri lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wo Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA ní Amẹ́ríkà. Ní 1985, gbèsè ti há a mọ́. Ó tọ àwọn ará Soviet lọ, ó ta orúkọ fún wọn, wọ́n sì fún un ní 50,000 dọ́là. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dárúkọ lẹ́yìn náà ni wọ́n pa. Ọdún 1994 lọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un.

Ní àríwá Èkìtì náà, àṣírí lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní 2024, àwọn agbébọn pa ọba Ìmòjò àti ọba Ẹ̀sùn lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ pé òṣìṣẹ́ kan ló tú àṣírí. Àmọ́ láti ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ló mọ iyì ẹni tó mọ ọ̀nà tí ẹ̀ṣọ́ ń gbà àti aago tí wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ Èkìtì da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí wọn ò rí gbà. Ta ló kó gbèsè sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn? Ìlànà Amẹ́ríkà tó ti wà láti 2017, tó kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wá àṣẹ láti mọ àṣírí ìjọba níbẹ̀, fàyè gba àlàyé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, bí àìsàn tàbí ikú bá ṣẹlẹ̀, wọn á wò ó bóyá ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe lórí gbèsè náà. Ẹni tó fi gbèsè pamọ́, tó purọ́ lórí fọ́ọ̀mù, ni ọ̀ràn rẹ̀ burú jù.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún Nàìjíríà. Òfin tó kàn ń halẹ̀ mọ́ ajigbèsè á mú kó fi gbèsè rẹ̀ pamọ́, gbèsè tó pamọ́ sì ni ọ̀tá lè fi mú un. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ tí ìyà ń jẹ lè lọ bá ọ̀gá rẹ̀ kó tó lọ bá olówó èlé.

Láyé àtijọ́, ológò ni olówó ń gbé sílé ajigbèsè, á sì máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Lónìí, áàpù tó ń yáni lówó ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù, tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FCCPC fi gbé ìlànà jáde ní 2022 láti ká wọn lọ́wọ́ kò.

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ààbò, kó kọ gbogbo gbèsè rẹ̀ sílẹ̀, kó bá olówó ṣàdéhùn nínú ìwé, kó tọ́jú rìsíìtì, kó má sì parọ́ fún oníduró rẹ̀. Bóyá ọba ìlú tàbí ọ̀gá iléèwé ló fọwọ́ sí ìwé náà fún un, orúkọ tiwọn náà ló fi ń wọlé. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn.