Ìdẹ̀ra Ara àti Ọkàn Aláìsàn Jẹjẹrẹ
Aláìsàn jẹjẹrẹ tó ń ti Abúlé Ẹ̀gbá lọ gba ìtọ́jú onítànṣán ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH, tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà nílùú Èkó ní ọdún 2019, a máa bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ pàdé lójú ọ̀nà, ìbẹ̀rù a sì ti tán an lókun kí ó tó débẹ̀. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni ìdẹ̀ra iṣan, èyí tí dókítà Edmund Jacobson ará Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lé lórí ní 1929: kí ènìyàn máa mú iṣan ara rẹ̀ le lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò lè wo jẹjẹrẹ sàn, kò sì lè rọ́pò oògùn. Àmọ́ ó ń dín àìbalẹ̀ ọkàn kù, a sì lè ṣe é nínú bọ́ọ̀sì tí kò kúrò lójú kan pàápàá, nítorí náà ó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì máa fi kọ́ aláìsàn àti ẹbí rẹ̀.