Kí A Tó Lọ sí Òkè Òkun, Ẹ Jẹ́ Kí A Dé Koko

Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ wa bá ń jíròrò lórí ìrìn-àjò ọdọọdún, Àgbádárìgì ni gbogbo ẹnu ń dárúkọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lálàá Havana ní Cuba, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé èdè àti òrìṣà dé. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Koko ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ wa kò mọ Koko ju ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó dà síbẹ̀ láti Ítálì ní 1988 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Otor-Udu. Bí a bá kọjá Sàpẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Bìní, a ó yà. Ọkọ̀ lè gbé wa lọ kí ó sì gbé wa bọ̀ lóòjọ́. Ilẹ̀ Itsekiri ni, létí Odò Benin, ibẹ̀ sì ni ilé Nana Olomu wà tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ta ni Nana? Ní 1884 ó di Gómìnà Odò Benin. Epo pupa ni òwò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ wọ ìgbèríko lọ ra epo fúnra wọn, Nana kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1894, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá fọ́ Ebrohimi, ìlú rẹ̀. Ó sá dé Èkó, ó fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, wọ́n sì lé e lọ sí Accra. Ní 1906 ni ó tó padà. Ó kọ́lé sí Koko, ó sì kú ní 1916. Tirẹ̀ sàn ju ti Jaja Ọba Opobo, tí wọ́n gbé lọ sí erékùṣù St. Vincent ní Caribbean, tí ó sì kú kí ó tó dé ilé ní 1891.

Ẹ wo ọdún wọ̀nyí dáadáa. Ní 1892, ọdún méjì péré ṣáájú ogun Ebrohimi, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ṣígun sí Ìjẹ̀bú nítorí pé wọ́n ti ọ̀nà òwò pa. Bí a bá ń pa ìtàn Ìjẹ̀bú tí a kò mọ ti Ebrohimi, ìdajì ìtàn ni a ń pa. Ṣùgbọ́n kí a má sọ Nana di áńgẹ́lì: ẹrú ni ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn akẹgbẹ́ wa: Omatsola, ọmọ ni ọlá, Toritseju, ti Ọlọ́run ló jù. A kò ní Yorùbá ni wọ́n o. Wọ́n ní Olú tiwọn, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn pẹ̀lú Bìní. Ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í gba ilé ọmọ ìyá rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà níhìn-ín, bí a bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní ahọ́n wa ti lọ́. Níhìn-ín, àlejò ni wọ́n ń pè wá. Ẹni tí a ń pè ní àlejò, ǹjẹ́ kò yẹ kí ó mọ ìtàn ibi tí ó wọ̀ sí?

Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a dìbò fún Koko. Kí a bẹ àwọn akẹgbẹ́ wa ọmọ Itsekiri kí wọ́n ṣáájú wa lọ, kí a sì pe àwọn ọmọ Urhobo tí wọ́n gbà wá sílé kí wọ́n bá wa rìn. Àgbádárìgì kò ní sá lọ. Ire o.