Àpò, apẹ̀rẹ̀ àti páléètì: ibẹ̀ ni èrè àgbẹ̀ ń gbà jò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí òwe yìí ṣe ń ṣẹ, kó lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ tí tírélà tòmátì bá dé láti òkè Ọya. Bí wọ́n ṣe ń sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ni omi pupa ń ṣàn jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Tòmátì tó wà lókè ń dán, ó wuyì lójú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á sílẹ̀ tán, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́, ó ti ń kan. Èyí tó bá ṣì ṣeé jẹ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹ̀sà, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Èyí tí kò ṣeé jẹ mọ́, orí ààtàn ló ń lọ.

Gbogbo ariwo tí à ń pa lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ nílẹ̀ yìí, orí ajílẹ̀, katakata àti owó yíyá ló máa ń dá lé. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ẹni tó ń bèèrè pé lẹ́yìn tí irè oko bá délé tán, kí la fi ń dì í, kí la fi ń kó o, orí kí la sì ń gbé e lé. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni èrè ń gbà jò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kò ju báyìí lọ: ohun tí a fi ń di ọjà, apá kan ọjà náà ni. Ẹni tó bá ṣahun sí i, ọjà inú rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ ká fi tòmátì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń jẹ n'Ìbàdàn ló ń wá láti ìhà Kánò àti Kàdúná, ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn tí gbágungbàgun rẹ̀ kò kéré. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi igi ọ̀pẹ hun ni wọ́n ń kó o sí. Apẹ̀rẹ̀ yìí jìn, kò sì le. Bí wọ́n bá to ọ̀kan lé èkejì nínú ọkọ̀, orí tòmátì gan-an ni ẹrù tó wà lókè ń jókòó lé, kì í ṣe orí apẹ̀rẹ̀. Ẹnu igi tó ṣẹ́ lára apẹ̀rẹ̀ ń gún un, ooru tó wà láàárín kò rí ibi jáde, bí ọ̀kan bá sì ti fọ́, omi rẹ̀ a kó bá àwọn yòókù. Apẹ̀rẹ̀ kò sì ṣeé fọ̀ dáadáa. Ìdọ̀tí ìrìnàjò ti àná ni tòmátì ti òní ń bá níbẹ̀.

Iye tí àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn ti máa ń dárúkọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé nǹkan bí 45 nínú 100 tòmátì tí à ń gbìn ní Nàìjíríà ni kì í dé ẹnu ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Kì í ṣe apẹ̀rẹ̀ nìkan ló fà á. Ọ̀nà tí kò dára wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀, àìsí yàrá tútù tí wọ́n lè kó o pamọ́ sí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló rọrùn jù láti pààrọ̀. Lọ́dún 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Lóṣù Kejì, ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn níbí, àwọn oníṣòwò òkè Ọya dáwọ́ kíkó oúnjẹ wá sí Gúúsù dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà méjèèjì ni gbogbo ìlú pariwo. Èyí tí apẹ̀rẹ̀ ń bà jẹ́ lójoojúmọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ wa lára.

Ohun tó lè rọ́pò apẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àwámárìídìí. Kéréètì oníke ni. Ara rẹ̀ le, ó ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó ṣeé fọ̀, kò sì jìn jù. Bí wọ́n bá to ọ̀kan lé orí èkejì, ẹsẹ̀ tòkè a wà lórí etí tìsàlẹ̀, tòmátì inú rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ẹrù kankan wà lókè. Àjọ àgbáyé kan tó ń jẹ́ GAIN, tó ń rí sí oúnjẹ aṣaralóore, wà lára àwọn tó ti ń polongo kéréètì yìí fún àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò tòmátì ilẹ̀ wa.

Kí ló wá dé tí apẹ̀rẹ̀ kò kúrò lọ́jà? Ẹ má ṣe jẹ́ ká bú àwọn ìyá ọlọ́jà, nítorí ìdí tí wọ́n ní fẹsẹ̀ múlẹ̀. Owó kéréètì kan ju ti apẹ̀rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi kéréètì kó ọjà wá láti Kánò, ta ni yóò bá a dá a padà? Awakọ̀ yóò gba owó lórí òfìfo tó ń gbé lọ. Apẹ̀rẹ̀ ni oníbàárà mọ̀ tó bá fẹ́ nájà, kò mọ iye kéréètì tó jẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n tún ní ọkọ̀ tó kó apẹ̀rẹ̀ máa ń kún ju èyí tó kó kéréètì lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tó gbéra lóko là ń jẹ èrè lórí rẹ̀, iye tó délé ni.

Ní ti dídá a padà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, àwa kọ́ la ó kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò láyé ìgò. Ẹni tí kò bá mú òfìfo ìgò wá yóò fi owó ìdógò sílẹ̀, bó bá sì dá ìgò padà, a gba owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kéréètì ṣe ń ti ilé iṣẹ́ tó wà ní Àṣẹ́jìrẹ́ dé abúlé tó jìnnà jù, tí yóò tún padà wá. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ, owó ìdógò ló ń ṣọ́ ọ. Bí ẹgbẹ́ àwọn onítòmátì Bódìjà àti ti Ṣáṣá bá lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ní òkè Ọya ṣe irú àdéhùn yìí, kí kéréètì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí oníkálukú sì máa san owó ìdógò lórí èyí tó bá gbà, ìṣòro ńlá ti kúrò nílẹ̀. Irú kéréètì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bó bá ti ṣófo, wọ́n lè ki ọ̀kan bọ inú èkejì, kó má baà gba àyè nínú ọkọ̀ tó ń padà lọ.

Ọ̀rọ̀ tòmátì kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà, àfi pé àpò ni ti ẹ̀wà. Lóṣù Kẹfà, ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kéde pé ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. Nígbà tó di ọdún 2016, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Ẹ̀sùn wọn ni pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos pọ̀ nínú ẹ̀wà náà kọjá ohun tí ara lè gbà. Kí ló ń mú kí ènìyàn da oògùn sínú oúnjẹ? Ìbẹ̀rù kòkòrò ni. Kí ló sì ń jẹ́ kí kòkòrò ráyè? Àpò tí atẹ́gùn ń wọ̀ tó ń jáde ni. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà ń mí bí a ṣe ń mí.

Ìdáhùn sí èyí ti wà nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Purdue University ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àpò onípele mẹ́ta ni, PICS ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú, àpò tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló wà níta. Ẹ ó jẹ́ kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, ẹ ó dà á sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ ó fún atẹ́gùn òkè rẹ̀ jáde, ẹ ó sì so ó pinpin. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó so ọ̀rá kejì, kí ẹ tó so àpò ìta. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, yóò sì kú. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ẹ̀wà náà lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́, bí eku kò bá ti dá ọ̀rá náà lu. Òótọ́ ni pé ó wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n a lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹni tó bá sì pa ẹ̀wà mọ́ di ìgbà ọ̀wọ́n yóò rí owó àpò náà níbẹ̀.

Bí àpò ti wù kó dára tó, bí a bá gbé e lé orí ilẹ̀ tútù, asán ló já sí. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ta kòkó nígbà ayé Marketing Board mọ èyí ju èmi ọmọdé lọ. Ẹ mọ̀ pé kòkó tó bá fa omi ilẹ̀ mu yóò bu, ayẹ̀kòkówò kò sì ní fi òǹtẹ̀ lù ú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àpò ìdọ̀họ tó ń jẹ́ kó mí dì í, tí wọ́n sì ń to pákó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé àpò lé e. Cocoa House tó dúró ní Dúgbẹ̀ láti ọdún 1965, owó kòkó ló kọ́ ọ, kòkó tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa ló sì ń mú owó gidi wá.

Pákó tí wọ́n ń tò sábẹ́ àpò yẹn ni ayé òde òní sọ di páléètì. Pèpéle pákó ni, tí ó ní àyè nísàlẹ̀ kí ọkọ̀ agbẹ́rù lè ki apá rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ohun tó gbilẹ̀. Ẹrù tí ogún aláàárù ìbá fi orí kó, ọkọ̀ agbẹ́rù kan a gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní agbègbè Olúyọ̀lé, lápá Ring Road àti Challenge, mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n páléètì onígi tó bá fẹ́ re òkè òkun ní òfin tirẹ̀. Lọ́dún 1996, wọ́n rí kòkòrò ajẹgi kan láti Éṣíà nílùú New York, tó ti ń pa igi wọn. Inú igi tí wọ́n fi di ẹrù wá láti Ṣáínà ló gbé wọ̀lú. Ní ọdún 2002, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sórí òfin kan tí wọ́n ń pè ní ISPM 15: igi tí a bá fi di ẹrù gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún fún 30 ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹrù tó bá dé orí igi tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè dá a padà tàbí kí wọ́n dáná sun igi náà. Ọjà inú rẹ̀ lè dára bíi wúrà, igi tó gbé e yóò kó bá a.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù páléètì láti fi ṣe ilé adìyẹ tàbí àga. Ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí HT, iná ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá rí MB, òórùn májèlé ni wọ́n fi fín in. Ẹ má fi irú ìyẹn dáná oúnjẹ.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọjà pákó Bódìjà àti ọjà oúnjẹ Bódìjà, aládùúgbò ni wọ́n. Àpò ẹ̀wà àti èlùbọ́ ń jókòó sórí ilẹ̀ rírin ní apá kan, àjákù pákó tó tó ṣe páléètì sì wà ní apá kejì. Àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò nǹkan ọ̀gbìn tó ń wọlé tó ń jáde ní ọ́fíìsì ní Moor Plantation n'Ìbàdàn níbí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ní ẹ̀ka níbí. Ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021 sì ti so Mọ́níyà pọ̀ mọ́ Àpápá. Kí ló kù tí a kò ní?

Mo rò pé ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, tó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà Bódìjà, yẹ kó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tẹ́ páléètì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń já àpò sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló yẹ kó yá ẹgbẹ́ àwọn onítòmátì ní owó kéréètì àkọ́kọ́, kí ìdógò sì máa yí i lọ. Kí àwọn onípákó náà kóra jọ, kí wọ́n lọ bèèrè ohun tó gbà kí wọ́n tó lè ní ilé tí wọ́n ó ti máa mú igi gbóná, kí wọ́n sì gbàṣẹ òǹtẹ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn káfíńtà wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko, ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má dúró de ìjọba kí ẹ tó gbé àpò yín kúrò nílẹ̀. Pákó mẹ́ta àti ìdábùú méjì ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, kí ẹ lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ tí eku bá ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́fà tọ́jú irè lóko, kò yẹ kó jẹ́ pé ìrìnàjò ọjọ́ méjì ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.