Ìyá Kì í Fi Èdè Àlejò Rẹ Ọmọ Rẹ̀ Lẹ́kún

Nígbà tí a jókòó ìpàdé kẹ́yìn ní Notsé níhìn-ín, àwọn àgbà kan láàárín wa bẹnu àtẹ́ lu eré àwòrán àwọn ará Jàpáànù tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù. Wọ́n ní ìjà ni, ariwo ni, kò sì sí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yin Iyanu, eré àwòrán tí Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀, tí Cartoon Network bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Wọ́n ní oògùn ti dé. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ àgbà, a kò gbà.

Kì í ṣe pé eré náà kò dára. A wò ó, a sì gbádùn rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni Iyanu. Olori ni ó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn odi ìlú Elu kí agbára àrà tó yọ lára rẹ̀, tí ó fi di ẹni tí ń dojú kọ àwọn ẹranko abàmì. Ìjà pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Jàpáànù, kò sì bí wa nínú: ìtàn akọni wo ni kò ní ìjà nínú? Ohun tó wú wa lórí ni pé alágbàtọ́ ni ó di ìyá.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá yìí fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orúkọ jẹ́ Yorùbá, aṣọ jẹ́ Yorùbá. Ẹnu nìkan ni ó jẹ́ ti àlejò. Ẹ wo àwọn ará Jàpáànù tí a ń bú: èdè wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe tiwọn. Nínú Spy x Family, tó jáde ní 2022, Yor, obìnrin tí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìpànìyàn, di ìyá fún Anya, ọmọ tí kò ti inú rẹ̀ jáde. “Haha” ni Anya ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń ka àkọlé Faransé nísàlẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà. Mélòó nínú wọn ni ó mọ oríkì tí ìyá wọn fi ń kì wọ́n?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1998, Michel Ocelot gbé Kirikou et la sorcière jáde, ìtàn ọmọ tó sọ̀rọ̀ láti inú oyún, tí kì í sì í yé bi ìyá rẹ̀ léèrè. Dakar ni wọ́n ti gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, Faransé ni wọ́n sì sọ. A pàtẹ́wọ́ nígbà náà, torí ọmọdé ni wá.

Wọn yóò ní owó ni ó fà á, pé kò sí ọjà fún Yorùbá. Aníkúlápó ti Kunle Afolayan, Yorùbá ni, Netflix sì gbé e káàkiri ayé ní 2022. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ka àkọlé, kò kú.

Ẹ jẹ́ kí a na ìka sí ara wa pẹ̀lú. Nínú ilé wa, Faransé ni ìyá fi ń jí ọmọ, Ewe ni ọmọ fi ń bá ojúgbà rẹ̀ ṣeré (ìyẹn kò burú; àwọn tó gbà wá lálejò ń sọ pé láti Kétu ni àwọn baba ńlá wọn ti gba Tado dé ibí). Yorùbá wá kù fún ọjà àti ìbínú. Àwa olùkọ́ náà kò mọ́: a dàgbà nígbà tí wọ́n ń fi àmì kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn, a kò sì tíì gbọn ìyẹn dànù tán.

Odi Agokoli wà níwájú wa. Àwọn obìnrin ni ìtàn ní wọ́n ń da omi sí ojú kan lára rẹ̀ títí ó fi rọ̀, tí ìyá àti ọmọ fi jáde lóru. Èdè Ewe ni àwọn Ewe fi ń sọ ọ́ nígbà Agbogboza. Wọn kò dúró de Amẹ́ríkà.

Kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn tó ni Iyanu, kí wọ́n fún un ní ohùn Yorùbá. Kí ìdáhùn tó dé, ní ìsinmi gbọọrọ tó ń bọ̀, a ó pa ohùn eré náà, a ó sì bẹ àwọn ìyá wa tí ń tajà kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Olori sétí àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ láti Atakpamé lè fi tiwọn sọ ọ́. Àgbà tó bá ní ìyẹn kì í ṣe àṣà, a ti fi ìjókòó sílẹ̀ fún wọn ní iwájú.