Àwọn Onífíìmù Tó Ń Wá Sọ́jà Wa

Ní New York, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa mú àlejò rìn kiri ìgboro, wọ́n á máa nàka: "Ibí ni wọ́n ti ya fíìmù báyìí." Owó ni wọ́n ń gbà o! Ṣọ́ọ̀bù oníkéékì kan wà níbẹ̀, Magnolia Bakery, ọdún 1996 ni wọ́n ṣí i. Ní 2000, Sex and the City fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀ péré, làwọn èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò síbẹ̀. Àmọ́ ilé kan ní Perry Street, nítòsí ibẹ̀, tí fíìmù yẹn lò, àlejò ò jẹ́ kí onílé sinmi. Ní 2025 ni ìjọba tó gbà kó fi géètì síwájú àtẹ̀gùn rẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Onífíìmù á ní kí onítòmátì gbé àtẹ kúrò lọ́nà, wọ́n á ya tiwọn tán, wọ́n á lọ. Ta ló fẹ́ ra tòmátì tó ti rà? Èmi ò ní ká lé wọn o. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá ẹgbẹ́, kí wọ́n sanwó fún ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́, kí orúkọ ọjà wa sì hàn kedere nínú fíìmù. Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí iye rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.